Bí SS bá ń pa ọmọ kí ó tó dàgbà, kí ló dé tí kò tíì tán nílẹ̀?

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan láti Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun ní ẹfolúṣọ̀n, òun sì sọ fún wọn pé àbùdá tí kì í bá jẹ́ kí ẹni tó ní in dàgbà débi ọmọ bíbí, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa parẹ́ láàárín ìran. Ni akẹ́kọ̀ọ́ kan bá nawọ́ sókè, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi méjì ni SS pa. Màmá àgbà wa sọ pé láyé tiwọn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà rárá. Bó bá jẹ́ bí ẹ ṣe wí ni, ó yẹ kí SS ti tán kí wọ́n tó bí màmá àgbà fúnra wọn. Kí ló dé tó ṣì wà?” Olùkọ́ wa ní òun ò rí èsì fún un, kí n bá òun dáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ibà ni èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a dúró síbẹ̀, ọmọ yẹn yóò há a sórí de ìdánwò ni, kò ní yé e. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í jogún SS lọ́wọ́ òbí kan. S ẹyọ kan la lè gbà lọ́wọ́ bàbá, ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù wa ní nínú jíìnì tó ń pàṣẹ bí hẹmoglóbìn, èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri inú ẹ̀jẹ̀, yóò ṣe rí. Ẹni tó gba A méjì, AA ni. Ẹni tó gba A kan, S kan, AS ni. Ẹni tó gba S lọ́tùn-ún lósì ló ń ṣe àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ọmọ SS kan bá kú, S méjì bá a lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú S tó wà nílùú kò sí lára SS. Ara AS ló wà, lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́, tó ń ṣòwò, tó ń bímọ, tí púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀ pé nǹkan kan wà lára àwọn àfìgbà tí pásítọ̀ tàbí ààfáà bá ní kí wọ́n mú ìwé jẹ́nótáìpù wá kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní Nàìjíríà, nínú ènìyàn mẹ́rin, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ AS.

Pípamọ́ sára AS yìí lè mú kí S pẹ́ nílẹ̀, kò lè mú un dúró. Ká ní S jẹ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀dà jíìnì méje, tí gbogbo SS ń kú kí wọ́n tó bímọ, tí kò sì sí nǹkan kan tó ń gbè S lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìran méje, yóò ti di ẹyọ kan nínú mẹ́rìnlá. Bí a bá ka ọdún 25 sí ìran kan, ọdún 175 nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, bó ti ń kéré sí i ni yóò máa lọ́ra sí i, torí pé bí S bá ti ṣọ̀wọ́n, ó ṣòro kí S méjì tó pàdé ara wọn nínú ọmọ kan ṣoṣo. Kó tó di ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, yóò gba ìran 93, ìyẹn ọdún tó lé ní 2,300. Ọjọ́ pẹ́ lójú èmi àti ẹ̀yin, àmọ́ lójú ìran ènìyàn kò pẹ́, pàápàá nígbà tí ìwádìí tí Daniel Shriner àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, gbé jáde ní 2018 fojú bù ú pé S ti tó ọdún 7,300 láyé. Akẹ́kọ̀ọ́ yín jàre, ó yẹ kó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Òun nìkan kọ́ ló sì rí i bẹ́ẹ̀. Láti 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, ti kọ̀wé nípa Walter Clement Noel, ọmọ erékùṣù Grenada tó wá kọ́ ìṣègùn eyín ní Amẹ́ríkà, tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò rí roboto bí ti ẹlòmíràn, tó gùn, tó sì tẹ̀ bíi dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹmoglóbìn gan-an ni àléébù náà wà, James Neel sì fìdí bí a ṣe ń jogún rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún kan náà. Kò pẹ́ sí i ni Vernon Ingram rí i ní Cambridge pé nínú 146 amino acid, àwọn ègé kéékèèké tó so kọ́ra di apá kan hẹmoglóbìn, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà nìkan ló yàtọ̀ láàárín A àti S. Lẹ́tà kan ló ṣì nínú DNA, èròjà tí a fi kọ àṣẹ jíìnì. Gbogbo ìrora eegun, gbogbo ojú tó ń pọ́n bí ìyeyè, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí a ń rà nílé ìwòsàn, lẹ́tà kan ló fà á. Bí ìjogún rẹ̀ ti wá hàn kedere báyìí ni àdììtú náà wá le sí i: kí ni irú nǹkan báyìí ń ṣe lára àìmọye ènìyàn?

Anthony Allison ló rí i. South Africa ni wọ́n bí i sí, Kẹ́ńyà ló dàgbà sí. Ní 1949, ó bá àwọn ará Yunifásítì Oxford padà sí Kẹ́ńyà, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀yà oríṣiríṣi. Ohun tó rí kò tẹ̀lé ẹ̀yà, kò tẹ̀lé èdè. Létí òkun ní agbègbè Mombasa, AS pọ̀. Létí adágún Victoria, AS pọ̀. Lórí òkè níbi tí ilẹ̀ ti tutù, lágbègbè Nairobi, kò tó nǹkan. Kí ló wà létí omi méjèèjì tí kò sí lórí òkè? Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà ni. Ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò nítòsí Kampala, ó sì bá kòkòrò ibà níwọ̀nba lára àwọn AS, kò tó bó ṣe bá a lára àwọn tó kù. Ó tún ṣe ohun kan tí kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò gbà á láyè lónìí: ó fi ibà sára ọkùnrin ẹ̀yà Luo 30 tó yọ̀ǹda ara wọn, 15 jẹ́ AS, 15 kì í ṣe AS. Nínú àwọn tí kì í ṣe AS, ibà mú 14. Nínú àwọn AS, méjì péré. Ní 1954 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Bìrìtìkó. Ọ̀pọ̀ ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, àmọ́ ìwádìí tó tẹ̀ lé e láti ilẹ̀ Áfíríkà lóríṣiríṣi ti jẹ́rìí sí i: nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ewu ibà tó le koko, AS ń dín nǹkan bí 90 kù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti máa fi ṣe àlàyé wá láti orílẹ̀-èdè wa níbí. Láàárín 1969 sí 1976, ìjọba Nàìjíríà àti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe iṣẹ́ ńlá kan lórí ibà ní Garki, tó wà lábẹ́ Kánò nígbà náà, tó ti di ara Jigawa báyìí. Wọ́n yẹ jẹ́nótáìpù àwọn ènìyàn wò. Láàárín ọmọ tuntun, AS jẹ́ bíi 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn tó ti ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ó jẹ́ bíi 29. Ẹ ronú sí i. Kò sẹ́ni tó ń di AS lẹ́yìn tí a bí i. Bí ìdá AS bá wá lé sókè bí ọjọ́ orí ti ń lé, a jẹ́ pé àwọn tí kì í ṣe AS ló ti jáde kúrò nínú ìwé. Ohun tí a ń pè ní àṣàyàn àdánidá gan-an nìyẹn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, láàárín ọdún márùn-ún.

Báwo ni S kan ṣoṣo ṣe ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ibà? Apá kan pàtàkì nínú èsì rẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ti rí i. Kòkòrò ibà tó burú jù, Plasmodium falciparum, inú sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń wọ̀ lọ, tí yóò máa jẹ hẹmoglóbìn ibẹ̀, tí yóò sì di púpọ̀ láàárín wákàtí 48 kó tó bẹ́ jáde. Ní 1970, Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú ẹ̀jẹ̀ AS, sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò náà ti wọ̀ máa ń yára tẹ̀ kọrọdọ ju èyí tí kò wọ̀ lọ. Ẹlẹ́bi wá fi ara rẹ̀ hàn. Ọlọ inú, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, a gbé e mì tòun tòun kòkòrò tó wà nínú rẹ̀. Ó tún ku èyí tí wọ́n rí lẹ́yìn náà: níbi tí ọ́síjìn kò bá ti pọ̀, kòkòrò náà kì í lè dàgbà dáadáa nínú hẹmoglóbìn AS, sẹ́ẹ̀lì tó bá sì wọ̀ kì í lè lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára AA. Lílẹ̀ mọ́ ògiri iṣan yẹn ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, tí ọmọ fi ń dákú, tí gìrì fi ń mú un.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ẹ jẹ́ ká ka ọmọ 1,000 ní ìlú tí ibà ti ń jà, kí òògùn òyìnbó tó dé. S jẹ́ ẹyọ kan nínú méje, èyí tó sún mọ́ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí tọkọtaya ò bá fi jẹ́nótáìpù yan ara wọn, bí 735 nínú ọmọ wọ̀nyí yóò jẹ́ AA, 245 yóò jẹ́ AS, 20 yóò jẹ́ SS. Gbogbo 20 kú. Ká wá ní ibà mú ẹyọ kan lọ nínú AA mẹ́fà mẹ́fà, ọmọ bíi 122, tí AS kankan ò sì kú. Àwọn tó kù tí yóò bímọ jẹ́ AA 613 àti AS 245. Ẹ̀dà jíìnì 1,716 ló wà lára wọn, 245 nínú rẹ̀ sì jẹ́ S. Ẹ fi 245 pín 1,716: méje ni. S kò lé, kò dín. Ìran tó ń bọ̀ yóò tún bí 20 SS nínú 1,000, wọn yóò tún kú, S yóò sì tún jókòó síbi tó wà.

Ẹyọ kan nínú mẹ́fà tí mo dá yẹn, ẹnikẹ́ni kò lọ ka òkú láti rí i. Iye tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ni, kí S tó lè dúró sójú kan. Bí ibà bá pa jù bẹ́ẹ̀, S yóò gòkè. Bí kò bá pa tó bẹ́ẹ̀, S yóò wálẹ̀.

Ẹ tún wo iye òkú náà. SS pa 20, ibà pa 122, ìlọ́po mẹ́fà. Àwọn dókítà kan máa ń fi tìdùnnú-tìdùnnú sọ pé SS ni àwọn baba ńlá wa ń pè ní àbíkú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé kan, àmọ́ mo rò pé wọ́n ti sọ ọ́ jù. Ọmọ AA tó ṣeré di alẹ́, tí gìrì wá mú lọ lóru, yóò pọ̀ ju SS lọ fíìfíì, òun náà ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sọ ọmọ tó tẹ̀ lé e ní Málọmọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì bí ẹ bá ń ṣàlàyé èyí fáwọn ọmọ. Àkọ́kọ́, ẹ má sọ pé ibà kì í mú AS. Ó ń mú wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ àpò ẹ̀fọn. Kì í kàn ṣáà fi bẹ́ẹ̀ di ibà tó ń pani lára wọn ni. Èkejì ló léwu jù: ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan jáde ní kíláàsì kó máa rò pé bí S kan bá dáàbò boni, S méjì yóò dáàbò boni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ SS ni ibà máa ń tètè ṣe lọ́ṣẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà wa fi ń kọ proguanil fún wọn láti máa lò lójoojúmọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rò pé ibà ló rán S wá, tàbí pé ara ènìyàn mọ̀ pé ibà ń bọ̀, ó wá lọ ṣe S sílẹ̀ dè é. Àṣìṣe lẹ́tà kan ni, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo bí sẹ́ẹ̀lì bá ń da DNA kọ. Púpọ̀ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sára ẹni kan, ó bá onítọ̀hún wọ sàréè. Èyí bọ́ sí ibi tó ti wúlò. Frank Livingstone kọ̀wé ní 1958 pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló sọ ibẹ̀ di ibi tó ti wúlò: nígbà tí àwọn ènìyàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gé igbó láti gbin iṣu, oòrùn rí àyè wọlé, omi òjò dúró sí kòtò, Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tó fẹ́ràn omi tí oòrùn ń pa, sì rí ibi yé ẹyin sí lẹ́bàá abúlé tí èrò pọ̀ sí. Ọkọ́ àti àdá tí a fi ń wá oúnjẹ wá di ara ohun tó ń yan ẹni tí ọmọ rẹ̀ yóò dàgbà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn ń gbé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara. S wà ní Íńdíà, ó wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ó wà láwọn abúlé kan ní Gíríìsì níbi tí ibà ti ń jà nígbà kan. Kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára àwọn Xhosa tó wà ní gúúsù South Africa, tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Láàárín ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sí Amẹ́ríkà, ọmọ kan nínú bíi mẹ́tàlá ló jẹ́ AS lónìí, ó ti wálẹ̀ gan-an sí tiwa. Apá kan jẹ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti dà pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn, apá kejì jẹ́ nítorí pé ibà falciparum kò fìgbà kan jà níbẹ̀ bó ṣe ń jà níhìn-ín, ó sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá níbẹ̀ láti nǹkan bí 1951.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá gbọ́n bí mo ṣe rò, yóò béèrè pé ṣé kò sí ọ̀nà tó dínwó ju ti S lọ. Ó wà. Ó ń jẹ́ C, àwọn AC sì wà dáadáa láàárín àwa Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti sọdá odò Ọya lọ síhà ìlà-oòrùn, ó di ọ̀wọ́n. Amino acid kẹfà kan náà ló yí padà, ọ̀nà ibòmíràn ló yí gbà. Ní Burkina Faso, níbi tí C ti pọ̀ jù, David Modiano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2001 pé AC ń dín ewu ibà kù ní bíi 29 nínú ọgọ́rùn-ún, CC ń dín in kù ní bíi 93, CC kì í sì í ṣe àìsàn tó le bíi SS. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló jókòó tó ń pète fún wa, C ni ì bá mú, ì bá sì gbé S jù nù. Ṣùgbọ́n àṣàyàn àdánidá kì í rí iwájú. C ń lọ́ra, torí AC, tí C ti kọ́kọ́ ń wá, kò jèrè púpọ̀. AS ń jèrè lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá gba ọmọ òní là ló ń pọ̀ lọ́la, ohun yòówù kó ná ọmọ ọ̀la. Bí S àti C bá sì pàdé nínú ọmọ kan, SC, àìsàn ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n rò pé bí gbogbo AS bá kọ̀ láti fẹ́ AS, S yóò parẹ́. Rárá. SS ni yóò parẹ́. Ikú SS ni ọ̀nà tí S ń gbà kúrò láàárín wa. Bí AS bá ń fẹ́ AA nìkan, a ti dí ọ̀nà náà, ìdajì ọmọ wọn yóò sì máa jẹ́ AS títí lọ. Níbi tí ibà ti ń jà, S tilẹ̀ lè máa gòkè. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe àyẹ̀wò o. Ẹ ṣe é, ẹ ṣe é dáadáa, torí oyún kọ̀ọ̀kan tí AS méjì bá ní, ó ní àǹfààní ẹyọ kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, oyún tó ti kọjá kì í sì í bá èyí tó ń bọ̀ sanwó. Ọmọ là ń torí rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, kì í ṣe jíìnì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i, ẹ̀wà ni kí ẹ lò. Ẹ ka ẹ̀wà funfun 171 àti ẹ̀wà pupa 29 sínú àpò dúdú. Funfun ni A, pupa ni S. Kí àwọn ọmọ máa mú un ní méjì méjì láìwo inú àpò, méjì jẹ́ ọmọ kan, títí ẹ̀wà yóò fi tán. Pupa méjì, ẹ kó o dànù. Funfun méjì, kí wọ́n ju dáìsì lúdò lẹ́ẹ̀kan. Bó bá já sí mẹ́fà, ibà ti mú un, ẹ kó òun náà dànù. Funfun kan pupa kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ka èyí tó kù, ẹ fi ẹ̀wà kún un kó padà di 200 ní ìwọ̀n tó bá iye funfun àti pupa tó kù mu, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀méje, ẹ máa kọ iye pupa sójú pátákó. Yóò máa ṣe ségesège, torí 200 kéré, àmọ́ àyíká 29 ni yóò máa rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ gba dáìsì lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ni pé ibà ti tán nílùú, kí ẹ tún ṣe é ní ẹ̀ẹ̀méje. Bí ẹ bá pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ẹ kó èsì gbogbo wọn pọ̀, pupa yóò ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 14.